Sẹ́ńtírà Lọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Tí Kò Ṣiṣẹ́ Dáadáa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè nípa lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn kì í tán lẹ́nu onímọ́tò, ìdí nìyí tí mo fi kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Toyota àti Honda tòkunbọ̀ ló kún títì wa, àwọn ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí páàtì tí kò bàjẹ́ máa ń dùn mí gan-an.

Kí ni sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì, kí ló sì wà nínú rẹ̀?

Òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ tì tàbí kí wọ́n ṣí pa pọ̀. Nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni máṣíìnì kékeré kan wà tó ń ti irin lọ́ọ̀kì síwájú, tó tún ń fà á sẹ́yìn. Iná fóltì 12 ló ń lò. Bí iná bá gba apá kan wọlé, ilẹ̀kùn á tì. Bí ó bá gba apá kejì wọlé, ilẹ̀kùn á ṣí.

Ibi mẹ́ta ni àṣẹ ti ń wá: rìmóòtù ọwọ́, bọ́tìnnì ara ilẹ̀kùn awakọ̀, àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ṣí ilẹ̀kùn náà. Àṣẹ yìí á lọ bá rìléè (súìsì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀), tàbí brain box ara ọkọ̀ tí àwọn rewáyà ń pè ní BCM. Ibẹ̀ ni iná ti ń gba inú wáyà lọ sí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó pe rewáyà?

Ẹ wá ìdáhùn sí ohun méjì. Ṣé ilẹ̀kùn kan ló ń ṣe é ni, àbí gbogbo wọn? Ṣé rìmóòtù nìkan ni kò dáhùn ni, àbí bọ́tìnnì inú ọkọ̀ náà ti dákẹ́?

Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí fíúsì, torí fíúsì kan náà ló sábà máa ń bọ́ gbogbo wọn. Máṣíìnì ilẹ̀kùn yẹn, wáyà rẹ̀, tàbí irin tó so mọ́ ọn ni kí ẹ fura sí. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ó kan fíúsì, rìléè, wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí wọ́n dè mọ́ irin ara ọkọ̀), tàbí ilẹ̀kùn awakọ̀ tí àṣẹ ti ń jáde. Bí bọ́tìnnì inú ọkọ̀ bá ń ti gbogbo ilẹ̀kùn dáadáa tí rìmóòtù kò lè tì wọ́n, kò sóhun tó ṣe ilẹ̀kùn yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo etí. Ẹ wá ibi tí kò sí ariwo, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ̀yin máa gbọ́ ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ara rẹ̀ dá á dún gbà! lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ti ń rẹ̀ á máa dún wììn tàbí tíkí-tíkí, irin kò sì ní sún dé ibi tó yẹ. Èyí tó dákẹ́ pátápátá, yálà iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí máṣíìnì rẹ̀ ti kú.

Rìmóòtù kò ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì inú ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ló fà á?

Bátìrì inú rìmóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ti di pé ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ gan-an kó tó gbọ́, bátìrì ló ń kú lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú rẹ̀: CR2032, CR2016 àti CR1620 ló wọ́pọ̀. Fóltì 3 ló yẹ kí mítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) kà. Bó bá ti wálẹ̀ sí 2.7, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ rà padà. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, méjì tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe nípọn tó: 2032 fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó 3.2. CR2016 á wọ ilé CR2032 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní kan irin dáadáa, ẹ ó sì rò pé rìmóòtù ló bàjẹ́.

Bí bátìrì tuntun kò bá ṣe é, ẹ ṣí rìmóòtù náà wò. Ẹ fi spirit nu àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di bátìrì mú. Ẹ wo àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tí a fi òjé jó mọ́ pátákó inú rẹ̀. Rìmóòtù tó ti ṣubú léraléra, òjé ìdí bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń là. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè jó o padà kíákíá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ rewáyà kì í rántí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lójú ibi tí a ti ń sún ọkọ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá rò pé ilẹ̀kùn kan ṣì wà ní ṣíṣí, ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda kì í gba àṣẹ ìtì láti ọ̀dọ̀ rìmóòtù. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: ṣé iná tó ń sọ pé ilẹ̀kùn ṣí wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ti wà ní pípadé? Bó bá wà níbẹ̀, súìsì ilẹ̀kùn ni kí ẹ wá, kì í ṣe rìmóòtù.

Mo ra rìmóòtù míì lọ́jà, ọkọ̀ mi kò gbà á. Ṣé ayédèrú ni?

Ó lè má jẹ́ ayédèrú. Ìgbì rédíò ni rìmóòtù ń lò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń gbọ́ 315 MHz, èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù sì ń gbọ́ 433.92 MHz. Ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn àti ọdún wọn bára mu, tí ọ̀kan ti Amẹ́ríkà wá, tí èkejì ti Belgium wá, rìmóòtù wọn kò ní gba ara wọn. Lẹ́yìn rìmóòtù Amẹ́ríkà ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà FCC ID, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ẹ̀rọ rédíò mọ̀. Òun ni kí ẹ fi wé, kì í ṣe ìrísí ìta.

Èyí tó bá mu náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi mọ ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́, kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ pa gbogbo ilẹ̀kùn dé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtì lára rìmóòtù, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà sí OFF. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má fi àkókò ṣòfò láàárín wọn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, tí ẹ bá yí i sí ON tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn á tì, á ṣí fúnra rẹ̀. Ó ti gbà nìyẹn. Kí gbogbo rìmóòtù tí ẹ ní wà lọ́wọ́ yín nígbà náà, torí èyí tí ẹ kò bá fi hàn án lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ á gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má sì da rìmóòtù pọ̀ mọ́ chip inú kọ́kọ́rọ́. Chip ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbà láti tan; rìmóòtù kò ní ọwọ́ nínú ìyẹn. Ọ̀kan lè kú kí èkejì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bátìrì ọkọ̀ ti kú, ilẹ̀kùn kò sì ṣí. Báwo ni mo ṣe máa wọlé?

Ihò kọ́kọ́rọ́ wà, ó kéré tán lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí a fi bọ́tìnnì tan, kọ́kọ́rọ́ irin kan wà nínú rìmóòtù náà fúnra rẹ̀. Ẹ wá bọ́tìnnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó fà á yọ. Lára àwọn ọkọ̀ kan, ìdérí ọ̀rá kan bo ihò náà lójú lẹ́yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ dán kọ́kọ́rọ́ yìí wò lónìí, nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì dá. Ihò tí a kò fi kọ́kọ́rọ́ sí fún ọdún púpọ̀ máa ń dípẹtà, pàápàá ní Lẹ́kí àti àwọn àdúgbò tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí.

Ọmọ wà nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ti tì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má wá rewáyà, ẹ má sì dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ilé. Ẹ fọ́ gíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti fọ́ ọ, kó jẹ́ fèrèsé tó jìnnà jù sí ibi tí ọmọ jókòó, kí ẹ sì kọ lu igun rẹ̀, kì í ṣe àárín. Ẹ má gbìyànjú gíláàsì iwájú, torí oríṣi tí kì í fọ́ bọ̀rọ̀ ni. Inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn máa ń gbóná kíákíá ju bí àgbà ṣe rò lọ, ara ọmọdé kò sì lè gbà á. A máa rí gíláàsì rà.

Gbogbo ilẹ̀kùn ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Fíúsì. Ọ̀kan nínú àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, òmíràn wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àwòrán ẹ̀yìn ìdérí. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni DOOR, D/LOCK tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ má kàn fojú wo fíúsì náà. Ẹ fi tẹ́sítà (ọ̀pá onígílóòbù tí a fi ń wá iná) kan irin kéékèèké méjèèjì tó hàn lórí rẹ̀ láì yọ ọ́. Bí tẹ́sítà bá tàn níhà méjèèjì, fíúsì dára. Bó bá tàn níhà kan ṣoṣo, ó ti jó.

Iye ámpù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó fi 30 sí ipò 15, tàbí tó fi wáyà dí i, ti sọ wáyà inú ọkọ̀ di fíúsì. Wáyà yẹn ni yóò jó nígbà míì, ó sì lè jó ọkọ̀ mọ́ra.

Bí fíúsì bá dára, ẹ tẹ bọ́tìnnì kí ẹ sì gbọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí rìléè bá dún tá, àṣẹ ti dé. Iná ni kò jáde, tàbí ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dè mọ́ irin ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Bí kò bá dún, àṣẹ kò dé. Ẹ lọ sí ilẹ̀kùn awakọ̀. Òun ni à ń ṣí jù, wáyà rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ já. Tí wáyà àṣẹ bá já níbẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa dákẹ́ bí ẹni pé gbogbo wọn ló bàjẹ́.

Mo pààrọ̀ fíúsì, ó tún jó. Ṣé kí n fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sí i?

Rárá o. Wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin; ìyẹn ni à ń pè ní ṣọ́ọ̀tì. Ẹ wá gílóòbù iná bíréèkì wáàtì 21, ẹ fi wáyà méjì sí ìdí rẹ̀, ẹ fi wọ́n sí ipò fíúsì. Bí ṣọ́ọ̀tì bá wà, gílóòbù á tàn kíkan. Ẹ wá máa yọ ojú wáyà ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọ ara ọkọ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá yọ tí gílóòbù sì kú, inú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀tì wà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì nìkan ni fíúsì ń jó, kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n. Gílóòbù tó tàn fìrí kan tó sì kú jẹ́ iṣẹ́ máṣíìnì; èyí tó tàn kíkan ni ṣọ́ọ̀tì.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kò tì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá máṣíìnì ni tàbí wáyà?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ tú pátákó inú ilẹ̀kùn náà: àwọn sukúrú máa ń wà lábẹ́ ibi ìgbọ́wọ́lé àti lẹ́yìn ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn, kílíìpù ló di ìyókù mú. Ẹ rọra ṣí náílọ́ọ̀nù ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fà á ya. Náílọ́ọ̀nù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń lé omi òjò padà sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Iye ọkọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì wọn ń rin nítorí pé ẹnì kan yọ ọ́ jù nù kò kéré.

Ẹ yọ ojú wáyà máṣíìnì. Ẹ fi gílóòbù kékeré kan ihò méjì tó ń bọ́ mọ́tò inú rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì ìtì, kó tún tẹ ti ìṣí. Gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn fìrí nígbà méjèèjì. Gílóòbù ni mo sọ, kì í ṣe mítà nìkan. Wáyà tó ti gé tó ku fọ́nrán kan á fi fóltì 12 han mítà láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò lè gbé iná tó tó mọ́tò lò. Gílóòbù kò ní gbà á, yóò tàn bàìbàì tàbí kó má tàn rárá.

Bí gílóòbù bá tàn dáadáa, wáyà dára. Ẹ wá fún máṣíìnì náà ní iná tààrà láti orí bátìrì: ẹ kàn án fìrí, ẹ yí wáyà padà, ẹ tún kàn án. Bí kò bá mira, ó ti kú. Bí ó bá sáré dáadáa lọ́wọ́ yín ṣùgbọ́n tí kò lè ti ilẹ̀kùn, irin tó so mọ́ ọn ló ti le tàbí tó ti yọ kúrò nínú kílíìpù rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra: ojú máṣíìnì ìgbàlódé máa ń ní irin mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Méjì péré ni ti mọ́tò, àwọn tó sábà máa ń nípọn. Ìyókù jẹ́ ti súìsì. Iná bátìrì kò gbọ́dọ̀ kan ìwọ̀nyẹn.

Níbo ni wáyà ilẹ̀kùn ti sábà máa ń já?

Nínú rọ́bà tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn ni wáyà ibẹ̀ ń ká, ó sì ń nà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bàbà inú rẹ̀ á gé, nígbà míì kí ọ̀rá tó bò ó má tilẹ̀ là. Àmì tó dájú ni kí lọ́ọ̀kì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kó sì dákẹ́ nígbà tó bá wà ní pípadé. Bí fèrèsé àti spíkà ilẹ̀kùn kan náà bá ń ṣe ségesège pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má wá ibòmíràn mọ́.

Ẹ yọ rọ́bà náà lójú ihò, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Èyí tó bá nà bíi rọ́bà ti já nínú. Kí ẹni tó máa tún un ṣe fi wáyà tuntun tó rọ̀ kún un, kó fi òjé jó ojú rẹ̀, kó sì fi ọ̀rá tó ń súnkì bò ó. Ojú ìsopọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí kì í ká, nínú ilẹ̀kùn tàbí nínú ọkọ̀. Wáyà tí a lọ́ pọ̀ tí a sì fi téèpù wé láàárín rọ́bà kì í tọ́jọ́.

Máṣíìnì ló kú lóòótọ́. Ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?

Méjèèjì dára, ó kù sí ọwọ́ tó máa ṣe é. Ohun tó ń kú nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni mọ́tò kékeré kan, tí kábọ̀nù rẹ̀ (ohun dúdú tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò) ti jẹ tán. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, nọ́ńbà FC-280 ló wà lára mọ́tò yìí, a sì lè rà á lọ́tọ̀. Ilé máṣíìnì náà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa. A ó fi ọ̀bẹ là á, a ó fa eyín kékeré orí mọ́tò àtijọ́ yọ, a ó fi sórí tuntun, a ó sì tún un lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí irin lọ́ọ̀kì tó bá ọkọ̀ wá ló ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Tiwájú yàtọ̀ sí tẹ̀yìn, ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ti ilẹ̀kùn awakọ̀ sì máa ń ní súìsì tí àwọn tó kù kò ní. Ẹ ka iye irin tó wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí oníṣòwò gbé bátìrì wá, kí ẹ dán an wò níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò tí kábọ̀nù rẹ̀ ti ń tán lè jí lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, kó tó máa fà.

Lọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀, tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, ó á dákẹ́. Kí ló dé?

Máṣíìnì tó ti ń darúgbó ni. Ooru ń mú kí iná ṣòro láti gba inú bàbà kọjá, agbára tó ṣẹ́kù fún mọ́tò tí kábọ̀nù rẹ̀ ti jẹ á sì kéré. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ máṣíìnì ló ní ẹ̀ṣọ́ nínú tó ń gé iná bí ó bá gbóná jù. Bí ọmọ bá ń fi bọ́tìnnì ṣeré, tó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí lọ́ọ̀kì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Ẹ wọn bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú. Bó bá kún tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa, á wà ní nǹkan bíi 12.6. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 12, gbogbo máṣíìnì ni yóò máa fà, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ṣé ọ́ọ́lì ẹ́ńjìnnì dára fún lọ́ọ̀kì tó le?

Kò dára. Erùpẹ̀ ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di amọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi WD-40 fọ ìpẹtà àti ìdọ̀tí kúrò, ẹ nù ún, kí ẹ tó fi gíríìsì funfun sí i. WD-40 nìkan kò tó, ó máa ń gbẹ.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ṣí láti inú, ṣùgbọ́n ó ń ṣí láti ìta. Ṣé lọ́ọ̀kì ti bàjẹ́?

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí irin ìdè. Súìsì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe nítorí ọmọdé. Ẹnì kan ti tì í. Ẹ dá a padà.

Ti àwọn ọkọ̀ kan tó ti Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì wá tún yàtọ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìtì lẹ́ẹ̀mejì, tàbí lẹ́ẹ̀kan péré lára àwọn kan, ọkọ̀ á ti ara rẹ̀ ní àtìmọ́lẹ̀, tí ọwọ́ inú kò ní lè ṣí i. Olè ni wọ́n fi ń dènà. Ẹ má ṣe é láé nígbà tí ẹnì kan bá wà nínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ mi ń ti ara rẹ̀, tàbí ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Kí ló ń ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí wọ́n dá mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi rìmóòtù ṣí i tí ẹ kò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń tún ara wọn tì lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60. Àwọn mìíràn ń tì nígbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tàbí nígbà tí a bá fi jíà sí i.

Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ wo àkókò tó ń ṣe é. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn ìfọ̀, omi ti wọ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn awakọ̀. Bó bá ń tì tó tún ń ṣí, gbà-gbà-gbà, láìdúró, súìsì inú máṣíìnì ilẹ̀kùn awakọ̀ ń sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún brain box. Bó bá jẹ́ nígbà tí ẹ gba inú gọ́tà kọjá, wáyà inú rọ́bà ló ń kan ara wọn. Bí ẹnì kan bá sì ti so àláàmù mọ́ ọkọ̀ náà rí, ẹ yọ àláàmù yẹn lójú iná fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àláàmù tí wọ́n so láìmọ̀wé ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Mercedes àtijọ́ ni tèmi, kò sí mọ́tò nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Báwo ló ṣe ń tì?

Afẹ́fẹ́ ló ń lò. Nínú Mercedes W124 àti 190E, ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tún ń fà á padà. Àwọn Volkswagen àti Audi ìgbà náà kan lo irú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń kùn fún ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀ kó tó dákẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò: rọ́bà inú ilẹ̀kùn kan ti ya, tàbí páìpù ti yọ. Ẹ yọ páìpù ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ dí i, kí ẹ wo èyí tó máa mú ìkùn náà kúrú. Ẹ má jẹ́ kó máa kùn bẹ́ẹ̀ pẹ́, ẹ̀rọ náà á jó.

Rewáyà ní kí a gé gbogbo rẹ̀, ká fi sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì tuntun láti ọjà sí i. Ṣé kí n gbà?

Bí ọkọ̀ yín kò bá ní i tẹ́lẹ̀ rárá, ẹ gbà. Máṣíìnì kan nínú àpótí náà ní wáyà márùn-ún, òun ni ti ilẹ̀kùn awakọ̀ torí òun ló ń fi àṣẹ ránṣẹ́. Àwọn tó kù ní wáyà méjì-méjì. Bí ti awakọ̀ bá ń ṣí nígbà tí àwọn yòókù ń tì, wáyà méjì ni wọ́n so lódì.

Bí ọkọ̀ yín bá ti ní tirẹ̀, mi ò ní gbà. Wọ́n á gé wáyà tó bá ọkọ̀ wá, ohun tó ń sọ fún dáṣíbọ́ọ̀dù pé ilẹ̀kùn ṣí á kú, ẹni tó bá sì tún un ṣe lẹ́yìn náà kò ní mọ orí kò ní mọ ìdí. Máṣíìnì kan tó kú kò tó ìdí láti pa mẹ́ta tó wà láàyè.

Ṣé lọ́ọ̀kì lè máa mu bátìrì ọkọ̀ mi lóru?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí súìsì inú lọ́ọ̀kì kan bá ń sọ pé ilẹ̀kùn ṣí, brain box ara ọkọ̀ kò ní sùn. Ọkọ̀ tó ti sùn kò yẹ kó mu ju nǹkan bíi 50 mílíámpù lọ.

Kí ẹ lè wọ̀n ọ́n láì pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fi sukurudíráfà yí irin ìdè ara ilẹ̀kùn títí yóò fi dún tá lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ á rò pé ó ti padé. Ẹ so mítà mọ́ ojú òdì bátìrì, ẹ ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú rìmóòtù, ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ti parí, ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kí irin náà padà kí ẹ tó pa á dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ṣẹ́ ẹ.

Mo tẹ rìmóòtù ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, kò tì. Ní ilé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé rìmóòtù ni?

Ó lè jẹ́ pé ìgbì rédíò míì ló bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn olè pẹ̀lú máa ń lo ẹ̀rọ tó ń dí rìmóòtù lọ́wọ́, kí onímọ́tò lè lọ láì mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ má gbára lé pé ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ dúró kí iná ọkọ̀ ṣẹ́jú, kí ẹ sì fọwọ́ fa ilẹ̀kùn. Bí kò bá tì, ẹ lo bọ́tìnnì inú tàbí kọ́kọ́rọ́, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀.

Nígbà wo ni a lè sọ pé brain box ló bàjẹ́?

Nígbà tí gbogbo ohun tó kù bá ti yege: fíúsì, iná, ẹ́ẹ̀tì, àṣẹ bọ́tìnnì, wáyà, máṣíìnì. Bí àṣẹ bá wọlé sínú rẹ̀ tí iná àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò jáde, ó di tirẹ̀. Kì í pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ.

Ẹ̀rọ scan olówó pọ́ọ́kú tí a ń so mọ́ fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́ lọ títí, torí àṣìṣe ẹ́ńjìnnì, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, ló mọ̀ ọ́n kà. Ti ara ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, ti ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn brain box sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U. Ẹ wá ẹni tó ní èyí tó ń ka gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó ra brain box, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Tòkunbọ̀ tí omíyalé bò rí níbi tó ti wá máa ń ní ẹrẹ̀ gbígbẹ nínú ojú wáyà àti ìpẹtà ní ẹsẹ̀ ìjókòó. Brain box tuntun tí a bá fi sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láì fọ àwọn ojú wáyà yẹn kò ní pẹ́.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rewáyà, ó á ṣiṣẹ́. Kí ni ṣíṣe?

Kí ó má tú ohunkóhun ní ọjọ́ tí ara ọkọ̀ bá dá. Kí ó so gílóòbù kékeré mọ́ wáyà méjèèjì tó ń bọ́ ilẹ̀kùn náà, kó fi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ẹ ti lè rí i, kí ẹ sì máa lo ọkọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá kọ̀, ẹ wo gílóòbù bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Bó bá tàn, máṣíìnì ni, tàbí wáyà tó wọ inú ilẹ̀kùn. Bí kò bá tàn, ẹ máa wá a lọ sẹ́yìn, síhà rìléè.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú: ilẹ̀kùn wo, ṣé oòrùn ni tàbí òjò, ṣé rìmóòtù ni ẹ lò tàbí bọ́tìnnì, ṣé ìṣí ló kọ̀ tàbí ìtì. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí ṣùgbọ́n tí kì í tì, ó ṣeé ṣe kí mọ́tò rẹ̀ dára, kó jẹ́ rìléè ìtì tàbí irin tó le ló fà á. Ẹ fún rewáyà ní ìwé náà kó tó mú sukurudíráfà.